Ọjọ́ tí Olósùnta Sọnù

Inú àwo iyán ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìyàwó bàbá adẹ́mu kan ní Ìkẹ́rẹ́ ló fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti ti ọsibítù dé, kì í jẹ oúnjẹ tán mọ́. Ìdajì ni yóò jẹ, yóò fọwọ́, ìdajì yóò wà nínú àwo.

"Ó ti wá dàgbà wàyí," ni ìyá náà wí. "Nígbà tí ara rẹ̀ le, iyán kì í kù nídìí àwo. Àṣé àìsàn ló máa kọ́ ọ ní ìwà àgbà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé bàbá ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi fi àwo iyán yẹn sápá kan ná. A óò padà sí i.

Mo ti kọjá ẹni àádọ́ta ọdún kí n tó padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ìlú Ìṣẹ̀ ní Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó jẹ́ pé àlọ́ ló fi ń tan ebi wa jẹ títí iṣu yóò fi jiná. Ìlú Ẹmùrè ni mo ti ṣe tíṣà títí ṣọ́ọ̀kì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ ìka mi. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi ti já bọ́ lórí ọ̀kadà, tí orí rẹ̀ gbá títì. Nígbà tó padà sílé ìwé, ó mú bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gbágbágbá. Mo ní kó kà á fún mi. Kò lè kà á. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn! Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ojú ẹsẹ̀ adìyẹ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹnu mi là sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì tíì pa dé tán títí di òní. Ìyẹn ló gbé mi padà sí yunifásítì lọ kọ́ bí ọpọlọ ṣe ń ṣe àkóso ìrònú àti ìwà ẹ̀dá.

Ẹ̀kọ́ náà kò parí sínú ìwé. Dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù mélòó kan wà ní ọsibítù lábẹ́ ọ̀gá, kí ọ̀gá máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ iṣu. Bí ọwọ́ rẹ bá fẹ́ gé ara rẹ, ọ̀gá á rí i kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Wọ́n fi mí sí ọsibítù kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀gá tí wọ́n fún mi, ọmọ tí mo lè bí ni. Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà lókè òkun, ó sì padà wá sí ìlú ìyá rẹ̀ láti ṣe é. Mo ń pè é ní mà, ó ń pè mí ní sà, àwọn nọ́ọ̀sì a sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mà kan, sà kan. Ta wá ni ọ̀gá níbẹ̀?"

Òfin méjì ló fún mi lọ́jọ́ tí mo dé. Ó ní, "Sà, tí ẹ bá ń dán aláìsàn wò, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì sọ èsì fún un kí èmi tó rí i." Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo rú òfin méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwà ọmọlúàbí ni mo sì rò pé mo ń hù.

Bàbá adẹ́mu yìí, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, àyà rẹ̀ le bí pákó nítorí ọ̀pẹ tó ti ń dì mọ́ láti ìgbà èwe. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a lulẹ̀ nídìí ọ̀pẹ. Orí yọ ọ́ pé ó ti sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere, kódà àwàdà rẹ̀ kò dín. Dókítà ní kí àwa tí à ń wo ọpọlọ yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo tí bàbá ní: ṣé òun lè padà sórí ọ̀pẹ?

"Tíṣà," ni bàbá wí fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó wá, "uṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Tí wọ́n bá ní n má gun ọ̀pẹ mọ́, kí wọ́n kúkú ní n má jí mọ́." Bí àwa ará Èkìtì ṣe ń sọ ọ́ ló ṣe sọ ọ́, uṣẹ́, ugi, ulé, ohùn rẹ̀ sì ń dún bíi ti bàbá tó bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kùnà. Mo ti fẹ́ kó yege kí n tó dán an wò.

Yàrá tí wọ́n fún wa kéré. Wọ́n gbé àga bàbá ti ògiri, èmi jókòó níwájú rẹ̀. Mo gbé bébà kan fún un tí òbìrí kéékèèké, róbótó róbótó, kún inú rẹ̀ bí ẹyin aláǹgbá, mo ní kó fi bírò fa ìlà sórí gbogbo wọn, kó má fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin. Nígbà tó dé àárín bébà, ó gbé bírò kalẹ̀, ó ní, "Ó tán."

Ìdajì ṣì kù. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ láti nawọ́ kọjá àyà rẹ̀ ni. Àgbàlagbà ni. Mo rọra fi ọwọ́ méjì sún bébà náà sọ́tùn-ún fún un, bí èèyàn ṣe ń sún ọbẹ̀ súnmọ́ bàbá tó ń jẹun. "Àwọn díẹ̀ tún nìyí, Bàbá." Ó ní, "Hẹ̀ẹ́, wọ́n tún wá!" Ó fa gbogbo wọn. Kò ku ọ̀kan.

Ó yẹ kí n ní kó ya ojú aago. Mo fò ó. Kò lọ sílé ìwé, n kò sì fẹ́ kí ojú tì í níwájú mi. Èyí tó kù, ẹnu ló fi dáhùn wọn, ó sì dáhùn dáadáa: ọjọ́ tí a wà, oṣù tí a wà, ohun tó jẹ láàárọ̀, ìtàn tí mo sọ fún un tó sọ padà fún mi tó sì tún fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Nígbà tó dìde, ó wo ojú mi. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti yege."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ mi mú, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìgbà yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ àwo iyán fún mi, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ ni èmi àti ọ̀gá mi máa ń jókòó láti ka iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán ni, òjò ti rọ̀ ó sì ti dá. Mo gbé ìwé bàbá kalẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ó wo bébà olóbìrí yẹn pẹ́. Ó gbé e wá síwájú, ó gbé e lọ sẹ́yìn.

"Sà, bírò tó fi fa apá ọ̀tún wọlẹ̀ dáadáa. Apá òsì fẹ́lẹ́, ó sì wọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín?"

"Ó sinmi díẹ̀."

"Bébà náà dúró síbi tó wà?"

"Mo sún un díẹ̀, mà. Kó má baà nawọ́ jìnnà."

"Ẹ sún un. Síbo?"

"Sọ́tùn-ún rẹ̀."

Ó gbé bírò tirẹ̀ kalẹ̀. "Ògiri wà lọ́wọ́ wo bàbá?"

Mo ronú. "Ọwọ́ òsì."

"Aago tó yà dà?"

"Mo fò ó. N kò fẹ́ dójú ti àgbà."

Ó yí bébà náà padà sí mi. Mo ń gbọ́ omi òjò tó ń kán láti orí páànù. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, kò sì gbé ohùn sókè rárá: "Sà, ta ló ṣe ìdánwò yìí? Ẹ̀yin àbí bàbá?"

Ó tún béèrè bóyá mo rí i pé bàbá fi ọwọ́ òsì ṣe ohunkóhun ní gbogbo àkókò tó fi wà lọ́dọ̀ mi.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀, mà? Àgbà wo ló máa fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́..."

Ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá fi gba bírò. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi dì mí mú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹun, tó fi ń kí ènìyàn, tó fi ń gba ife omi. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ni. Odidi ọwọ́ kan ti kúrò nínú ayé ọkùnrin yìí, gbogbo wa sì ń yìn ín pé ó ní ẹ̀kọ́.

Nígbà náà ni àwo iyán padà wá sọ́kàn mi. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ìdajì wo ló máa ń kù?" N kò mọ̀. Ó ní kí n pe ìyàwó bàbá lórí fóònù.

Ìyá náà ní, "Ìdajì wo báwo? Iyán ni, kò ní ọ̀tún kò ní òsì... Ẹ dúró ná." Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé àwo kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀. "Apá ibí yìí ni. Apá òsì. Ojoojúmọ́ ni. Tíṣà, kí ló dé?" Kí n tó fèsì, ó tún ní, "Ẹ tiẹ̀ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ní kí n bá òun gbé ugbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Ìrọ̀lẹ́ òní ló ní òun máa gun ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní òun ti yege."

Ugbà ni okùn tí adẹ́mu máa ń fi so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Ọwọ́ méjì ló ń gbé e, ọ̀tún àti òsì, ní gbogbo ìgbésẹ̀, títí dé òkè.

Ọkọ̀ kékeré ọ̀gá mi la bá lọ. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń wa ọkọ̀, ojú rẹ̀ sí ọ̀nà. Ó ní ojú bàbá kò fọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò rọ. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò ka apá òsì ayé kún mọ́. "Kì í ṣe pé ó ń wá a tí kò rí i, sà. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí èèyàn wá."

Mo ní, "Tá a bá wá sọ fún un ńkọ́?"

"Kò ní gbà. Ẹ̀yin, tí mo bá sọ fún yín pé ilé kan wà lẹ́yìn ojú yín tẹ́ ẹ ò rí rí, ṣé ẹ máa gbà?" Ó yà sọ́nà ilé bàbá. "Nǹkan kan wà tí ọ̀gá tó kọ́ mi fi hàn mí. Ẹ ní kó júwe ọ̀nà fún yín láti ọjà wá sílé rẹ̀, nínú ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó júwe rẹ̀ láti ilé padà sọ́jà. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún un, ẹ̀yin náà lẹ máa bá a sọ ọ́. Èmi á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ràn án lọ́wọ́."

A bá wọn lẹ́yìnkùlé. Bàbá ti fi ugbà yí ọ̀pẹ ká. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé àpótí ìjókòó sídìí ọ̀pẹ náà gan-an, ó jókòó lé e gbandi, igbá tó fi ń yan gaàrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá máa gun ọ̀pẹ yìí, orí mi lẹ máa kọ́kọ́ gùn kọjá."

"Wúwo tó o wúwo yìí, ṣé ìwọ náà ò tó ọ̀pẹ ni?" Ó rí wa. "Ẹ kú àbọ̀! Tíṣà, bá mi sọ fún obìnrin yìí. Ṣebí ìwọ lo ní mo ti yege? " Ó wo ọ̀gá mi. "Dókítà kékeré, káàbọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ ṣì tutù. Mo ní, "Bàbá, mo ṣì wí. Ẹ dárí jì mí. Mi ò tíì parí ìdánwò náà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "A kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún kó o lá, tíṣà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìbéèrè kan ló kù. Kì í ṣe ti ìwé."

"Kò ní bírò?"

"Kò ní bírò."

Ó rò ó. Ó jókòó sórí kẹ́gì kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò lára ugbà. Mo ní kó di ojú, kó dúró níwájú ọjà, kó kọjú sí ilé rẹ̀, kó máa rìn bọ̀, kó máa sọ gbogbo ohun tó wà lọ́nà fún mi, tọ̀tún tòsì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìdánwò nìyẹn? Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fi orí ru ẹmu kó tó di pé òun fi ọ̀kadà gbé e, kò sí òkúta lọ́nà yẹn tí kò kọ òun lẹ́sẹ̀ rí.

Ó di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìjókòó.

"Mo ti kúrò lọ́jà. Ulé epo nìyí. Ẹni tó ń lẹ táyà nìyí, ó ń jà pẹ̀lú oníbàárà. Ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé búlúù. Ulé oníbúrẹ́dì, òórùn rẹ̀ ti gba ìmú mi. Ulé ìwé àwọn ọmọ kékeré. Bohòólù. Ugi odán tá a máa ń sinmi sí. Ulé àbúrò mi. Mo ti dé."

Ẹ gbọ́, gbogbo ohun tó dárúkọ, mo mọ̀ wọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iwájú wọn kọjá ni. Apá ọ̀tún ni gbogbo wọn wà. Kò sí ọ̀kan tó wà lósì. Ó wu ẹnu mi láti là. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé mi ń ti mí lẹ́yìn pé, "Bá àgbà rántí. Fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu." Mo bu ètè jẹ.

Ìyàwó rẹ̀ ni kò lè mú un mọ́ra. "Ó parí síbẹ̀? Ulé bàbá mi ńkọ́? Ulé tẹ́ ẹ ti ru kẹ́gì ẹmu wá tọrọ mi, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi mu ún tán tí wọ́n tún ní kò kan! Ẹ ti gbàgbé ulé àna yín?"

Ọ̀gá mi gbé ìka kan sókè, ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú. Ìyá náà gbé igbá lé itan.

Ṣùgbọ́n ilé àna kọ́ ni èmi ń rò. Tí ẹ bá gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá rí, ẹ mọ Olósùnta. Àpáta yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá kó tó rí i. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní Èkó, tó wà nílùú òyìnbó, tó bá di ojú tó ní òun fẹ́ rí ilé, òun ló kọ́kọ́ ń yọjú. Ọdọọdún ni bàbá yìí sì ń gbé ẹmu lọ síbi ọdún rẹ̀. Láti ọjà dé ilé bàbá, apá òsì ni Olósùnta dúró sí, gàgàrà, tó dí ojú ọ̀run. Bàbá ti rin gbogbo ọ̀nà náà, kò rí i. Ó gbọ́ òórùn búrẹ́dì, kò rí òkè.

Mo ti gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà ní Ìṣẹ̀, níbi tí odidi ìlú ti pòórá nítorí pé ẹnìkan fi ẹsẹ̀ kọ èèwọ̀. Mo ti sọ irú rẹ̀ fún ọmọ títí. N kò rò pé mo lè jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ní ojú ọ̀sán, kí n máa wo ìdajì ìlú tó pòórá lẹ́nu ènìyàn alààyè.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ kọjú padà wàyí. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ulé yín, kí ẹ máa lọ sọ́jà. Kí lẹ rí?"

Kò la ojú. Ó yí orí díẹ̀, bí ẹni tó yí ara padà lóòótọ́. Ó mí.

"Olósùnta," ni ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Olósùnta nìyí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́, ó ń dán. Mọ́ṣáláṣí nìyí. Sọ́ọ̀mìlì, eruku pákó. Ulé àna mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àgbà wà níta, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ tún béèrè ẹmu." Ó rẹ́rìn-ín sínú. "Ulé téṣàn ọlọ́kadà. Mo ti dé ọjà."

Kò sí ulé epo. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òórùn búrẹ́dì ti fẹ́ lọ. Odán tó ń sinmi sí, ó ti kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára afẹ́fẹ́. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ wà nínú orí rẹ̀ láìyẹ̀, kò sí páànù kan tó ṣí kúrò. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló tì, ilẹ̀kùn náà sì ń bá a kiri, òsì rẹ̀ ló máa ń wà níbikíbi tó bá kọjú sí.

Ó la ojú. Inú rẹ̀ dùn. "Mo yege?"

Mo ní, "Bàbá, nígbà tí ẹ ń bọ̀ láti ọjà, ẹ ò dárúkọ Olósùnta."

"Mo dárúkọ rẹ̀."

"Nígbà tí ẹ ń padà ni."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin tó ti ń pariwo láti àárọ̀, kò ní ariwo kankan mọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi wí pé, "Ẹ ò dárúkọ rẹ̀, bàbá ọmọ mi. Ẹ ò dárúkọ ulé wa náà."

Bàbá tún di ojú. A rí i pé ó ń rìn. Ètè rẹ̀ ń mì: ulé epo, táyà, ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró. Ó tún padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rin ọ̀nà náà. Nígbà tó wá la ojú, èmi ló ń wò, àmọ́ kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Níbo ló wà nígbà tí mo ń bọ̀?"

Títí di òní yìí, n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó jìn jù ú lọ ní kíláàsì kankan. Ọ̀gá mi, tó mọ ìwé, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ilẹ̀ tútù náà, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

Bàbá gbé ojú sókè wo ọ̀pẹ. Ó wò ó títí dé ibi tí imọ̀ ọ̀pẹ ti pín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀pẹ ò tó Olósùnta."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ugbà. Ó fa orí okùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fà á, kò bọ́. Orí kejì fi ara kọ́ imọ̀ gbígbẹ kan lápá òsì, ó ń mì níwájú rẹ̀. Kò wò ó. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́, ó tú u, ó ká okùn náà, ó gbé e sáyà bí ọmọ ìkókó wọlé lọ.

Mo tún ìwé ìjábọ̀ náà kọ. Mo kọ ohun tí mo ṣe tí kò tọ́ sí i ní ìlà àkọ́kọ́, ọ̀gá mi kà á, ó fọwọ́ sí i. Dókítà ní kí bàbá má gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ mi kò tíì parí, iṣẹ́ bàbá náà kò tíì parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e la bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí a ṣe ń wá òsì. A so aṣọ pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. A ní kó má ṣí ẹnu jẹun títí yóò fi rí pupa. Apá òsì ni kí wọ́n máa ti bá a sọ̀rọ̀, apá òsì ni kí wọ́n máa gbé omi sí, ọwọ́ òsì gan-an ni kí wọ́n máa na nǹkan sí fún un.

Ibẹ̀ ni ìyá ti yarí. "Èmi? Kí n máa na nǹkan sí ọkọ mi lọ́wọ́ òsì, kó sì máa fi gbà á? Kí ará ulé rí mi? Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ fún un ní oògùn."

"Oògùn rẹ̀ nìyẹn, mà," ni ọ̀gá mi wí.

"Oògùn tó ń ba ọmọ jẹ́!"

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá ẹnìkan ń bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ife omi sí ọwọ́ òsì bàbá bí ẹni tó ń jalè. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ní, "Ó gbà á, tíṣà. Ọwọ́ yẹn gbà á."

Kò gun ọ̀pẹ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó fi àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ lé adẹ́mu mìíràn lọ́wọ́, ó sì máa ń jókòó sídìí wọn bu ẹnu àtẹ́ lu bí ẹni náà ṣe ń dá wọn. Ní ọjọ́ tí mo lọ dágbére, ọ̀gá mi bá mi lọ. Wọ́n gún iyán. Bàbá jẹun, ó dé àárín àwo, ó dúró. Mo ń wò ó, mo sì di ọwọ́ ara mi mú lábẹ́ tábìlì. Ó yí orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà nínú ọyẹ́, títí ó fi rí aṣọ pupa. Ó ní, "Áà. Ìwọ nìyẹn." Ó jẹ èyí tó kù tán pátápátá, ìyàwó rẹ̀ sì pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ọkọ òun ti padà di ọ̀jẹun.

Lẹ́yìn náà, ó bu ẹmu. Ó wo ife náà, ó wo èmi, ó rọra gbé e kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ó sì nà án sí mi. Ìdajì ẹmu dà sí mi lórí ṣòkòtò. Láyé mi, àgbà kankan kò fi ọwọ́ òsì fún mi ní nǹkan rí tí kì í ṣe pé ó fẹ́ bú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo mu ún.

Ọ̀gá mi ti mú ìwé jáde. Ó ní, "Sà, ṣé ẹ ràn án lọ́wọ́?"

Mo ní, "Rárá, mà."